Kí Ló Wà Lọ́wọ́ Ìyá Abọ́?

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé ẹ kì í yọ́ òògùn sí i?"

Ìyá Abọ́ kọ́kọ́ rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ó wo Dókítà tó béèrè ọ̀rọ̀, ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó lódìkejì tábìlì, ó wá wo abọ́ gíláàsì mẹ́fà tó wà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mẹ́ta nínú wọn pupa fòò. Mẹ́ta yòókù funfun láúláú. Òun ló ṣe àwọn tó pupa. Dókítà ló ṣe àwọn tó funfun, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ìwé ìlànà lọ́wọ́.

"Òògùn wo?"

"Òògùn egungun, mà."

Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò yẹn. Kò ní oyè kankan níwájú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀dọ́ onímọ̀ kan tó gba ibẹ̀ kọjá tí kì í ṣe òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí abọ́ láìjẹ́ kí ìdọ̀tí wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Abọ́. Dókítà tó ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò yìí gan-an, oṣù mẹ́jọ péré ló tíì lò níbẹ̀, òun ló sì fi bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́ láìfi ọwọ́ kan ìta rẹ̀ hàn án.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé, ṣíṣe rẹ̀ ló ń fa wàhálà. Inú mùdùnmúdùn egungun èèyàn ni wọ́n ti ń yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí kò tíì pinnu ohun tí wọ́n máa dà. Wọ́n lè di ọ̀rá, wọ́n lè di egungun. Tí èèyàn bá da òògùn egungun sí omi oúnjẹ wọn, wọ́n á di egungun, ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ pé àwọn rí, tó sì ti kọ jáde fún gbogbo ayé lẹ́ẹ̀mejì, ni pé àwọn fọwọ́ ara àwọn ṣe ewé rọ́bà kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí, tó jẹ́ pé tí sẹ́ẹ̀lì bá ṣáà ti jókòó lé e fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, á di egungun láìsí òògùn kankan. Tí wọ́n bá da aró pupa lé e, ibi tó ti di egungun á fa aró náà mu, á pupa. Tó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé lọ́jọ́ kan wọ́n lè fi rọ́bà yẹn dí ihò tó wà nínú egungun ẹsẹ̀ èèyàn. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń yọ́ òògùn sí i lábẹ́lẹ̀, irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló sì ti ń ṣe àwọn abọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Yàrá àyẹ̀wò méjì níbòmíràn náà ti gbìyànjú rẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Kò gbójú sókè. "Wọn ò rí nǹkan kan. Ẹjọ́ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ. Ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí lọ́sẹ̀ mẹ́fà òní. Tí a ò bá ní àlàyé, màá fa ìwé tí a kọ jáde padà. Wọ́n á sì bi mí pé ta ló ṣe abọ́."

Inú bí Ìyá Abọ́. "Ẹ̀yin náà rò pé mò ń yọ́ nǹkan sí i, mà?"

"Mi ò mọ ohun tí màá rò mọ́."

"Ó dáa." Ó dìde. "Kí Dókítà wá dúró tì mí. Kó máa wo ọwọ́ mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí ẹ ti òògùn yẹn mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Màá ṣe é lójú ẹ̀."

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ayùn sinmi, ń fági lẹ́yìnkùlé nígbà tó délé. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi ro ẹjọ́ náà tán fún un.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni baba náà bi í. "Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń pọ̀n nígbà tí ìwọ ti ń gbowó oṣù?"

"Wọn ò pọ̀n ọ́n mọ́. Ó ti tó jẹ́lé-ó-sinmi nígbà yẹn."

"Ó wá kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi, ó pè ọ́ lólè."

"Kò pè mí lólè, Dádì. Ó ní mò ń yọ́ òògùn."

"Kí ló fi yàtọ̀?" Ó gbé ìfági sílẹ̀, ó gbọn èérún igi kúrò ní sòkòtò rẹ̀. "Màmá, ọdún méjì ló kù fún ọ níbẹ̀ yẹn. Kọ̀wé sí wọn lọ́la, sọ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ẹ sì ń dùn ọ́ lóòótọ́, kì í ṣe irọ́."

"Tí mo bá kọ̀wé lọ́la, wọ́n á ní, ẹ ò rí i, ó ti sá."

"Kí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹnu á rẹ̀ wọ́n."

"Ẹnu lè rẹ̀ wọ́n o, orúkọ mi ò ní kúrò níbẹ̀." Ó jókòó sórí àga tí kò tíì ní apá. "Mi ò lọ síbì kankan. Màá kọ́kọ́ yọ orúkọ mi, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá máa bá mi sọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì."

Ọkọ rẹ̀ mọ ohùn yẹn. Ohùn yẹn náà ló fi kọ̀ fún un lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn nígbà tó fẹ́ ta ilẹ̀ wọn, kò sì yí i padà di òní. Ó gbé ìfági rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Dókítà gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ìwé ìlànà, ó ń kà á sókè bí ẹni ń darí àdúrà. Ìyá Abọ́ ń ṣe ohun tó bá kà. Yọ́ rọ́bà nínú omi rẹ̀. Ó yọ́ ọ. Dà á sórí gíláàsì, kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó dà á. Sá a sórí tábìlì títí yóò fi gbẹ. Dókítà ti palẹ̀ tábìlì mọ́ fún un, ó sá a síbẹ̀. Wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n gbé sẹ́ẹ̀lì lé e, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí olóoru tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé. Kò sí ìgbésẹ̀ kan tí wọ́n fò.

Wọn ò ní láti dúró di ọjọ́ mọ́kànlélógún kí wọ́n tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ní ọjọ́ keje, àyẹ̀wò kékeré kan wà. Tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń ronú egungun, abọ́ á yí sí búlúù. Ìyá Abọ́ da omi àyẹ̀wò sí i, ó dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Ogún. Omi náà dúró gbagidi bó ṣe wà.

Ó lọ sídìí máíkírósíkóòpù, ó wolẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà láàyè, ara wọn le, ṣùgbọ́n wọ́n gùn wọ́n tín-ín-rín. Àwọn tó ń di egungun kì í rí báyẹn. Ọwọ́ òun fúnra òun ló ṣe é, ó sì kùnà.

Kí ni kéèyàn wá rò? Ó jókòó sínú yàrá ìyípadà aṣọ, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. Bóyá òun ń yọ́ nǹkan sí i lóòótọ́ láìmọ̀? Bóyá ìgò méjì ti ń jọra wọn lójú òun látọjọ́ yìí? Ó sunkún díẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú.

Dókítà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò yọ̀ ọ́. Àánú ló ń ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì bí Ìyá Abọ́ nínú jù.

"Màmá, a lè sọ fún wọn pé..."

"Má sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni." Ó dìde. "Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù?"

"Ó ku díẹ̀ kó pé márùn-ún, mà."

"Ó tó wa. Gbọ́, Dókítà. Ohun tí a ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ tìrẹ ni, ọwọ́ mi lo kàn yá. Ìwọ ń kàwé, èmi ń tẹ̀ lé e bí ọmọ iléèwé. Èmi kì í ṣiṣẹ́ báyẹn. Lọ́la, pa ìwé yẹn dé. Mú bébà tí kò ní nǹkan kan nínú. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe, kọ ọ́ sílẹ̀. Tí mo bá wúkọ́, kọ ọ́. Tí mo bá họ orí, kọ ọ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Àbí ọwọ́ ẹ máa ń tètè rẹ̀ ọ́ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà kọ ọ́ lóòótọ́, kò fi ṣẹ̀rín. Ó kọ ọ́ pé Màmá fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, pé ó ń kọrin sínú imú, pé ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìbọ̀wọ́ kó tó wọ̀ ọ́, pé ó bá rọ́bà wí nígbà tí kò tètè yọ́. Títí ó fi di nǹkan bí aago mọ́kànlá, kò rí ohun tó yàtọ̀. Nígbà náà ni Ìyá Abọ́ da rọ́bà sórí gíláàsì tán, tó gbé àwo náà, tó yí padà, tó gbé e sórí ààrò.

Ààrò iná mànàmáná ni, èyí tí wọ́n fi ń yan abọ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Orí rẹ̀ tẹ́jú, ó sì máa ń gbóná látàárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́ iṣẹ́.

"Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ gbé e sórí ààrò."

Ìyá Abọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Ibẹ̀ ni mo máa ń gbé e sí."

"Ìwé sọ pé orí tábìlì, mà."

"Tábìlì wo?" Ó nawọ́ sí i. "Ṣé èyí tí wọ́n gbé máíkírósíkóòpù ńlá kà lórí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn? Ìwọ lo gbé e kúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá kí n tó ráyè níbẹ̀. Orí ààrò nìkan ló ṣófo, ibẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Mo bò ó dáadáa, mo fi í síbẹ̀ títí màá fi jẹun ọ̀sán tán, tí màá fi parí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́."

Dókítà ti ju bébà sílẹ̀. Kò lè jókòó, kò lè dúró. Nígbà tí rọ́bà gbẹ, ó mú ọ̀kan tó ṣẹ́ kù lára ti orí tábìlì, ó mú ọ̀kan lára ti orí ààrò, ó fi ìka tẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ti orí tábìlì ká wọ́rọ́wọ́rọ́. Ti orí ààrò kọ̀, ó gan, ó fò padà.

"Ó le! Màmá, ẹ fọwọ́ kàn án, ó le! Ooru ló mú un le. Sẹ́ẹ̀lì máa ń tẹ ilẹ̀ wò ni. Tí ilẹ̀ tó jókòó lé bá rọ̀, kò ní ronú egungun láé. Tí ilẹ̀ bá le, á ní ibí yìí, ibi egungun ni." Ó gbá Ìyá Abọ́ lọ́wọ́ mú. "Ẹ ò yọ́ nǹkan kan sí i! Ẹ má bínú, Màmá. Mo fi ẹnu kó bá yín. Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́. Fi ọwọ́ mi sílẹ̀, o fẹ́ yọ ọ́."

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì í, ojú tì í débi pé ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kì í ṣe elérú, ó dáa. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ wà. Gbogbo ìgbà tó bá ti ṣe abọ́ ló ń bu ọwọ́ lùwé sí ìsàlẹ̀ ojú ewé pé òun ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti wí. Kò purọ́ ní tirẹ̀, kò kan tún ìlànà náà kà mọ́ ni, nítorí ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Àwọn èèyàn kan wà níbi méjì mìíràn tí wọ́n tẹ̀ lé ìwé yẹn lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n kùnà, tí wọ́n sì ń rò pé ọwọ́ àwọn ni kò dáa. Dókítà yìí gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ó sọ fún un pé kò tíì tán. "Tí èmi bá tún ṣe é, wọ́n á ní ọwọ́ mi náà ni. Ìwọ lo máa ṣe é. Mẹ́fà lórí tábìlì, mẹ́fà lórí ààrò. Èmi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

Bó sì ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko ni Ìyá Abọ́ fi ń dé lówùúrọ̀, tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, tó ń wo Dókítà bó ṣe ń pààrọ̀ omi oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí Dókítà di ìdérí abọ́ mú lódì, Ìyá Abọ́ gé ètè jẹ. Ọkọ rẹ̀ bi í lálẹ́ kan pé báwo ni, ó ní, "Ó le ju kí n ṣe é fúnra mi lọ."

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wá. Dókítà da aró sí abọ́ méjìlá, wọ́n dúró, ó fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mẹ́fà orí tábìlì jáde ní funfun. Mẹ́fà orí ààrò pupa fòò, láti etí dé etí.

"Ha!" Ọ̀jọ̀gbọ́n dì mọ́ Ìyá Abọ́. "Ẹ ti bọ́. Gbogbo wa ti bọ́. Mo ti ń wá ohun tí màá sọ fún ìgbìmọ̀ látọjọ́ yìí." Ó ṣí fáìlì tó gbé lọ́wọ́, ó fa bébà kan yọ. "Ẹ bá mi bu ọwọ́ lu èyí."

Ojú ewé ìlànà ni, tuntun. Ó kà báyìí: *Sá a sórí ààrò gbígbóná fún wákàtí mẹ́fà.* Ìyá Abọ́ kà á délẹ̀. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sókè rẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lẹ kọ síbí, mà."

"Ọjọ́ tó wà lórí ti àkọ́kọ́ ni. A máa yọ ìyẹn, a máa fi èyí rọ́pò ẹ̀. Ohun tí ẹ ṣe á bá ìwé mu, kò ní sí ẹni tó máa bi yín ní nǹkan kan. Ìwé tí a kọ jáde, a ó ní àṣìṣe ìtẹ̀wé ni, wọ́n gbàgbé ìlà kan." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìyá Abọ́, ẹ̀yin ni mò ń dáàbò bò."

Òótọ́ sì ni, ìdajì rẹ̀. Ìyá Abọ́ di bírò mú. Ìlà kan péré ni, orúkọ rẹ̀ á sì mọ́ tónítóní. Ọdún méjì tó kù á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n á pè é sórí pèpéle lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Dókítà ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Mà," ni Ìyá Abọ́ wí níkẹyìn, "ẹ bi mí pé ṣé mò ń yọ́ nǹkan sí abọ́. Mo ní rárá, ẹ ò gbà mí gbọ́, mo dúró ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ẹ lè gbà mí gbọ́. Tí mo bá bu ọwọ́ lu èyí, tí wọ́n bá tún bi mí ní ìbéèrè lọ́la, ojú wo ni màá fi sọ pé rárá?"

Ó fi bébà náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta, ńláńlá, wá, ìwé ọdún mẹ́ta. Ó ṣí ti àkọ́kọ́ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀: *Èmi kò sá a sórí tábìlì. Orí ààrò ni mo gbé e sí.* Ó kọ ọjọ́ òní sí i. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó tún un kọ.

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n lè dá yín dúró?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Mo mọ̀, mà."

"Ojú ewé yẹn lé ní igba!"

"Mo ní bírò méjì."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ojú ewé náà. Ó ti rí ohun tí Ìyá Abọ́ ti rí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí kò sì sọ. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́, ìlà kan tún wà: *Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é.* Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà lórí ìlà yẹn, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ ewé rẹ̀, lójú ewé kìíní, lójú ewé kejì, lójú gbogbo ewé tí Ìyá Abọ́ ń ṣí. Òpin oṣù ló máa ń kó wọn lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, tó máa ń bu ọwọ́ lù wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bírò nìkan ló ń dún lórí bébà. Ọ̀jọ̀gbọ́n mú ojú ewé tuntun yẹn, ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò. Lẹ́yìn náà ló fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Abọ́, ó yọ bírò aláwọ̀ ewé.

"Kí ni kí èmi kọ?"

Ìyá Abọ́ ò gbórí sókè. Ó ti ìwé àkọ́kọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fà ti kejì mọ́ra.

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò sí níbẹ̀, mà."